Àyẹ̀wò aboyún ní Ìkòròdú: ọ̀sẹ̀ tí ẹ ó ṣe é, àti bí ẹ ó ṣe ka ìwé tí wọ́n bá fún yín

Aboyún kan wá bá mi nílé ní Ìgbógbò lọ́dún tó kọjá, ó gbé nylon dúdú kan lé orí tábìlì. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù mẹ́jọ. Ìwé àyẹ̀wò mẹ́fà ló wà nínú nylon náà. Ó ti sanwó gbogbo wọn, àmọ́ kò sí ẹni tó jókòó tì í kó ka ọ̀kan ṣoṣo sí i létí. Ìwé kan kọ ọ́ pé O negative ni irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn sí èyí gan-an, torí ó rò pé "negative" yẹn ń sọ pé kò sí àrùn lára òun.

Nítorí nylon yẹn ni mo ṣe ń kọ èyí. Ọdún 26 ni mo fi gbẹ̀bí kí n tó fẹ̀yìntì. Àwọn obìnrin wa kì í sá fún abẹ́rẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ mọ́ wọn. Wọ́n á jẹ́ kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ lára wọn, wọ́n á tọ̀ sínú ike, wọ́n á wá ká ìwé náà sínú báàgì bí ìgbà tí wọ́n gba rìsíìtì ọjà. Àyẹ̀wò tí ẹ ò mọ ohun tó sọ, ẹ ò tíì ṣe é. Èyí tí ẹ sì ṣe lẹ́yìn tí ọ̀sẹ̀ rẹ̀ ti kọjá, ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ ti lọ.

Ẹ fi ọ̀sẹ̀ ka oyún, ẹ má fi oṣù kà á

Lọ́jà Ìta Ẹlẹ́wà, "oṣù mélòó ni?" ni wọ́n máa bi yín. Ọ̀sẹ̀ ni àwa agbẹ̀bí ń kà, láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ rí nǹkan oṣù yín ìkẹyìn, kì í ṣe láti ọjọ́ tí ẹ rò pé oyún dúró. Oyún pé ní ọ̀sẹ̀ 40. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ọjọ́ ìkúnlẹ̀, ẹ fi ọjọ́ méje kún ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, kí ẹ wá ka oṣù mẹ́ta padà sẹ́yìn. Ẹni tó rí nǹkan oṣù ní ọjọ́ 10, oṣù kìíní, ọdún 2026, ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá ni kó máa retí. Bí nǹkan oṣù yín bá máa ń ségesège, tàbí ẹ ò rántí ọjọ́ náà rárá, ẹ tètè ṣe sikáànì. Sikáànì tí wọ́n ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ 8 sí 13 ló ń sọ ọjọ́ orí oyún tó péye jù. Bí oyún bá ti dàgbà, sikáànì náà á kàn máa méfò ni.

Ẹ forúkọ sílẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ 12 tó kọjá

Mo mọ ìdí tí ọ̀pọ̀ kì í fi lọ títí ikùn á fi yọ: ẹ ò fẹ́ kí ayé tíì mọ̀. Kò burú. Ẹ má sọ fún aládùúgbò, ẹ má sọ fún ìyá ọkọ pàápàá bí ẹ ò bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì. Láti ọdún 2016 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí aboyún rí oníṣẹ́ ìlera ó kéré tán ìgbà mẹ́jọ: ìgbà àkọ́kọ́ kí ọ̀sẹ̀ 12 tó kọjá, lẹ́yìn náà ní ọ̀sẹ̀ 20, 26, 30, 34, 36, 38 àti 40. Ẹni tó bá dé ní oṣù mẹ́fà ti pàdánù àwọn àyẹ̀wò kan tí kò ṣeé padà sí mọ́.

Ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáká lè bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìlera alábọ́ọ́dé tó sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí yín rí, bí ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà, bí ìbejì bá wà níbẹ̀, tàbí oyún ti bàjẹ́ mọ́ yín lára lẹ́ẹ̀mejì, ẹ gba General Hospital Ìkòròdú tàbí ilé ìtọ́jú ìyá àti ọmọ tí ìjọba kọ́ sí Ìkòròdú lọ tààrà. Àwọn tó wà ní apá Ìjẹ̀dẹ̀ àti Àgbọ̀wà ní General Hospital tiwọn níbẹ̀. Ẹ béèrè nípa Ìlera Èkó, ètò adójútòfò ìlera ìjọba ìpínlẹ̀, kí ẹ sì wọ inú rẹ̀ kí àìsàn tó dé. Ẹni tó dúró di ọjọ́ ìrọbí kó tó máa wá fọ́ọ̀mù, bó ṣe ń rọbí ni á ṣe máa to ìlà.

Mi ò bá ìyá àbíyè jà o. Àwọn kan nínú wọn lọ́wọ́ ju nọ́ọ̀sì lọ. Àmọ́ ìyá àbíyè kò lè fi ọwọ́ tẹ ikùn kó mọ genotype, ìyẹn bóyá AA, AS tàbí SS ni ẹ̀jẹ̀ èèyàn. Bó bá wù yín kí ẹ máa lọ sọ́dọ̀ wọn, ẹ lọ, ṣùgbọ́n ẹ ṣe àyẹ̀wò nílé ìwòsàn, kí ẹ sì fi ìwé náà han ìyá àbíyè náà.

Ọ̀rọ̀ kan tí àlejò Ìkòròdú kì í rántí: ọjọ́ Orò. Obìnrin kì í jáde lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ọmọ kì í wo kàlẹ́ńdà Orò kó tó fẹ́ jáde. Nígbà tí nọ́ọ̀sì bá ń kọ ọjọ́ ìpadàbọ̀ sínú káàdì yín, ẹ bi onílé tàbí ìyá àgbà àdúgbò bóyá ọjọ́ Orò kò ní bọ́ sí i. Bó bá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀sẹ̀ ìkúnlẹ̀ yín, ẹ wá ibi sùn nítòsí ilé ìwòsàn kó tó di ọjọ́ náà.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ẹ kó gbogbo ìwé àtijọ́ dání, kí ẹ mọ genotype àti irú ẹ̀jẹ̀ ọkọ yín, kí ẹ sì dárúkọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò, àgbo wà nínú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì lè bú yín lórí àgbo náà. Ẹ jẹ́ kó bú yín, kó ṣáà ti mọ̀.

Ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́: ohun tí ìwé yẹn ń sọ

PCV ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wò, ìyẹn bí ẹ̀jẹ̀ yín ṣe pọ̀ tó. Bó bá kéré sí 33 nínú ọgọ́rùn-ún ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka ìyẹn sí àìtó ẹ̀jẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa kì í pariwo àfi tó bá já sí ìsàlẹ̀ 30. Ọ̀nà tí a ń gbà wá ẹ̀jẹ̀ nílé wa ni móòtì àti mílíìkì. Ó dùn, mo máa ń mu ún. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń mú ẹ̀jẹ̀ wá. Oògùn ayọ́nù tí wọ́n fún yín ni, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ẹ̀dọ̀, ẹran, àti ẹja tó pọ̀ ní Ẹ̀búté àti Májídùn. Ẹ fi omi ọsàn lo ayọ́nù náà, ẹ má fi tíì lò ó, torí tíì kì í jẹ́ kí ara gbà á dáadáa. Ìgbẹ́ yín á dúdú, ẹ má fòyà. Bí ẹ bá rí i pé ẹfun tàbí áíìsì ń wù yín jẹ lójoojúmọ́, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì, torí àìtó ayọ́nù lè wà nídìí rẹ̀.

Irú ẹ̀jẹ̀ ló kàn, òun ló sì gbé obìnrin onínylon dé ọ̀dọ̀ mi. Lẹ́tà A, B, AB tàbí O ni gbogbo èèyàn máa ń wò. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e, positive tàbí negative, ló kan oyún jù. Bí ìyá bá jẹ́ negative, tí ọmọ sì gba positive lára bàbá, ẹ̀jẹ̀ ọmọ lè ta sí ti ìyá nígbà ìbímọ. Ara ìyá á ka ẹ̀jẹ̀ yẹn sí àjèjì, á sì pèsè sójà dè é. Àkọ́bí sábà máa ń bọ́. Ọmọ tó bá tẹ̀lé e ni àwọn sójà náà máa ń bá nínú ilé, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á máa fọ́ níbi tó wà. Ibẹ̀ ni ẹlòmíràn ti máa ń sọ pé ayé ló ń gba ọmọ lọ́wọ́ òun.

Abẹ́rẹ́ kan wà tó ń dí ọ̀nà yẹn, anti-D ni wọ́n ń pè é. Wọ́n máa ń gún un ní bí ọ̀sẹ̀ 28, wọ́n á tún gún un láàárín wákàtí 72 lẹ́yìn ìbímọ bí ọmọ bá jẹ́ positive. Bí oyún bá bàjẹ́, tàbí ẹ̀jẹ̀ já, tàbí ikùn fara gbá nínú jàm̀bá ọ̀kadà, ẹ béèrè rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ó wọ́n, kì í sì í wà ní gbogbo ilé oògùn, nítorí náà ìbẹ̀rẹ̀ oyún ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó rẹ̀. Bí ọkọ pẹ̀lú bá jẹ́ negative, kò sí wàhálà. Obìnrin onínylon yẹn rí tirẹ̀ rà kó tó bímọ. Positive ni ọmọ náà, wọ́n sì gún ìyá rẹ̀ lábẹ́rẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ yẹn.

Àyẹ̀wò mẹ́ta míì wà tí ẹnu máa ń wúwo láti sọ: kòkòrò apa sójà ara (HIV), hẹpatáítíìsì B tó ń bá ẹ̀dọ̀ jà, àti sífílíìsì. Níbí gan-an ni "negative" ti jẹ́ ìròyìn ayọ̀. Bí ọ̀kan bá sì jẹ́ positive, ọmọ ṣì lè bọ́ níbẹ̀. Sífílíìsì, abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì ló ń pa á, ó sì ń dáàbò bo ọmọ bí wọ́n bá tètè gún un. Ìyá tó ní kòkòrò HIV, tó sì ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, ọ̀pọ̀ ìgbà ló ń bí ọmọ tí kò ní i. Ọ̀fẹ́ ni oògùn náà nílé ìwòsàn ìjọba. Òfin ọdún 2014 sì wà ní Nàìjíríà tó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ yà yín sọ́tọ̀ nítorí rẹ̀. Fún hẹpatáítíìsì B, abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ gbọ́dọ̀ wọlé láàárín wákàtí 24 tí wọ́n bí i. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ pé "ẹ gbé e wá lọ́jọ́ ìkómọ". Dókítà lè fi oògùn tenofovir kún un fún ìyá láti ọ̀sẹ̀ 28 bí kòkòrò náà bá pọ̀ lẹ́jẹ̀ rẹ̀.

Genotype, kí ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì

Lábù kan ló kọ AA fún àbúrò mi obìnrin nígbà tó fẹ́ ṣègbéyàwó. AS ni ọkọ rẹ̀, ọkàn gbogbo wa sì balẹ̀. Ìgbà tí ọmọ wọn kejì ń ké lóru pé egungun ń ro òun ni a tó padà síbòmíràn lọ ṣe àyẹ̀wò fún àbúrò mi. AS ni. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ genotype rẹ̀ fún mi, mo máa ń béèrè pé lábù mélòó ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ ṣe é ní ibi méjì tí kò bára tan. Bí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ sí yín lára láàárín bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin sẹ́yìn, ẹ sọ fún wọn, torí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n lè máa kà. Kì í sì í ṣe S, tó ń fa sickle cell, nìkan ni ìṣòro: C náà wà láàárín àwa Yorùbá, AC tó bá fẹ́ AS lè bí SC, àìsàn ni òun náà.

Bí ẹ̀yin méjèèjì bá jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ á jẹ́ SS. Ẹ fojú sí "nínú oyún kọ̀ọ̀kan". Pé àkọ́bí jẹ́ SS kò sọ pé mẹ́ta tó kù ti bọ́. Àyẹ̀wò wà tó lè sọ genotype ọmọ nígbà tó ṣì wà níkùn: wọ́n lè bu díẹ̀ lára ibi ọmọ láàárín ọ̀sẹ̀ 11 sí 14, tàbí kí wọ́n fa omi tó yí ọmọ ká láti ọ̀sẹ̀ 15 lọ. Ọwọ́ onímọ̀ ló yẹ ẹ́, ó sì ní ewu kékeré pé oyún lè bàjẹ́. Sickle Cell Foundation Nigeria tó wà ní Ìdí-Àràbà, dojú kọ LUTH, ni mo máa ń ní kí tọkọtaya lọ fún ìmọ̀ràn. BRT láti Ìkòròdú á gbé yín dé Mile 12, ẹ wá wọ ọkọ̀ síwájú. Ẹ lọ ní bí ọ̀sẹ̀ 8 tàbí 9, kí ẹ lè ráyè ronú. Ohun tí ẹ ó ṣe sí èsì rẹ̀, ẹ̀yin àti ọkọ yín ló ni ín, kì í ṣe èmi, kì í sì í ṣe pásítọ̀ tàbí àáfà.

Sikáànì kì í ṣe ti ọkùnrin tàbí obìnrin nìkan

Sikáànì kan ó kéré tán kí ọ̀sẹ̀ 24 tó pé. Bí owó bá tó méjì, ẹ ṣe ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ fún ọjọ́ orí oyún, kí ẹ ṣe ìkejì láàárín ọ̀sẹ̀ 18 sí 22, nígbà tí wọ́n lè wo ọkàn, ọpọlọ, ọ̀pá ẹ̀yìn àti ẹsẹ̀ ọmọ dáadáa. Kí ẹ tó béèrè bóyá akọ ni tàbí abo, ẹ béèrè ibi tí ibi ọmọ wà. Bó bá bo ẹnu ọ̀nà ilé-ọmọ, ẹ̀jẹ̀ lè ya lójijì. Ẹ má sáré bẹ̀rù, torí ọ̀pọ̀ ló máa ń gòkè fúnra rẹ̀. Wọ́n á tún un wò ní bí ọ̀sẹ̀ 32.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní NIPT, láti ọ̀sẹ̀ 10, tó ń wá àmì àrùn bíi Down syndrome nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá. Owó ńlá ni. Ó wúlò fún ẹni tó ti lé lọ́dún 35 tó bá fẹ́ mọ̀, ṣùgbọ́n ìfura nìkan ló lè sọ. Ẹ má fi èsì rẹ̀ nìkan ṣe ìpinnu kankan láìṣe àyẹ̀wò omi tó yí ọmọ ká.

Ohun tí wọ́n á máa wò ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá lọ

Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀. Kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún, òun ló sì ti gba ẹ̀mí jù lójú tèmi. Bí nọ́ńbà náà bá dé 140/90, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé "ooru ọkọ̀ ni" kó sì jẹ́ kí ẹ máa lọ. Ẹ jókòó, kí wọ́n tún un wọ̀n. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20, ẹ̀jẹ̀ ríru pẹ̀lú purotéènì nínú ìtọ̀ lè di gìrì aboyún. Ẹni tó ti ní i rí nínú oyún àtijọ́, kó tètè sọ fún dókítà, torí asipiríìnì kékeré tí wọ́n ń fún irú wọn, láàárín ọ̀sẹ̀ 12 sí 16 ló dára kó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má lọ rà á fúnra yín.

Ṣúgà: ọ̀sẹ̀ 24 sí 28. Ẹ ò ní jẹun láti alẹ́, wọ́n á fún yín ní gúlúkóòsì gíráàmù 75 mu, wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ ṣáájú, lẹ́yìn wákàtí kan, àti lẹ́yìn méjì. Bí èyíkéyìí bá dé 5.1, 10.0 tàbí 8.5 (mmol/L) ní títẹ̀léra wọn, ìtọ̀ ṣúgà aboyún nìyẹn.

Ibà kò gbà pé kí ẹ dúró de àìsàn. Láti ọ̀sẹ̀ 13, oògùn ibà tí wọ́n ń pè ní SP, hóró mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, níwájú nọ́ọ̀sì, kí oṣù kan wà láàárín ọ̀kan sí èkejì, ó kéré tán ìgbà mẹ́ta kí ẹ tó bímọ. Ẹni tó ń lo Septrin kò gbọ́dọ̀ lò ó mọ́ ọn. Ẹ sùn nínú nẹ́ẹ̀tì. Abẹ́rẹ́ ipá (tetanus) náà, ẹ gbà á.

Ẹ má dúró de ọjọ́ kílíníìkì bí ẹ̀jẹ̀ bá já lójú ara, bí orí bá ń fọ́ yín tí ojú sì ń ṣú, bí ojú àti ọwọ́ bá wú lójijì, bí omi bá dà kí ọjọ́ tó pé, tàbí bí ọmọ tó ti ń sọ nínú ikùn tẹ́lẹ̀ bá dákẹ́. Ẹ gba kẹ̀kẹ́ lọ lóru náà. Ẹ ti bá oníkẹ̀kẹ́ kan ní àdúgbò sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, kí nọ́ńbà rẹ̀ wà lára ògiri.

Lẹ́yìn ìbímọ: ọrùn ilé-ọmọ

Lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọmọ nìkan ni gbogbo èèyàn máa ń gbé wò. Ẹ sọ pé kí wọ́n wo ẹ̀yin náà. Bí ẹ bá ti lé lọ́dún 30, tàbí 25 fún ẹni tó ní kòkòrò HIV, ẹ béèrè àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ. Kòkòrò HPV ló ń fà á, ẹ̀yà 16 àti 18 ló sì wà nídìí bí ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Ọ̀nà kan ni pé wọ́n á fi omi kíkan pa ọrùn ilé-ọmọ. Ibi tó bá ti ń yí padà á funfun, wọ́n sì lè fi iná tọ́jú rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà níbi tí ẹ̀rọ bá wà. Ọ̀nà kejì ni àyẹ̀wò HPV fúnra rẹ̀, tí ẹ lè fi òwú gba omi ara yín fúnra yín. Bí àyẹ̀wò HPV yìí bá mọ́, ó di ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá kí ẹ tó tún un ṣe. Ọdún mẹ́ta sí márùn-ún fún ẹni tó ní HIV. Kì í dùn, ó kàn máa ń ni èèyàn lára díẹ̀ ni. Ẹ wọ síkẹ́ẹ̀tì, ẹ má wọ ṣòkòtò.

Bí ọmọbìnrin kan bá wà nílé tó jẹ́ ọdún 9 sí 14, abẹ́rẹ́ HPV rẹ̀ ti wà lọ́fẹ̀ẹ́ ní Èkó láti oṣù kẹwàá ọdún 2023, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń gún un. Ẹ mú un dání lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ fún tiyín, kí ẹ sì kó káàdì rẹ̀ sínú nylon kan náà pẹ̀lú ìwé yín.